Sòbìà àti Omi Mímu: Ìmọ̀ Tí Ó Pẹ́ Kí Ó Tó Dé Etí Odò



Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní bí sòbìà yóò bá degbò, olúgànbe là á ké sí. Ó pẹ́ tí èmi tí iṣẹ́ mi jẹ́ lítíréṣọ̀ ti ń túmọ̀ òwe yìí fún akẹ́kọ̀ọ́. Ohun tí mo ṣàkíyèsí ni pé ìparí àrùn náà ni òwe mọ̀: egbò ẹsẹ̀, àti ewé tí a ó fi tọ́jú rẹ̀. Kò sọ ibi tí aràn funfun náà, tí ó lè gùn tó mítà kan, gbà wọlé. Kì í ṣe ẹ̀bi àwọn àgbà. Ojú lásán kò lè rí ọ̀nà náà.

Ní 1870 ni Aleksei Fedchenko, ará Rọ́ṣíà tí ó ṣe ìwádìí ní Turkestan, kéde ohun tí ó rí. Ọmọ aràn tí ó bá ti ojú egbò bọ́ sínú omi máa ń wọ inú ẹranko tín-ín-tín kan, ìbátan edé àti alákàn, tí kì í sábà gùn ju mìlímítà méjì lọ. Nítorí pé ojú kan ṣoṣo ni ẹranko yìí ní, Cyclops ni wọ́n ń pè é, orúkọ òmìrán olójú kan nínú ìtàn àwọn ará Gíríìsì. Inú rẹ̀ ni ọmọ aràn ti ń dàgbà fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹni tí ó bá mu omi náà gbé àwọn méjèèjì mì. Cyclops a kú sínú ikùn, ọmọ aràn a sì bọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn nǹkan bí ọdún kan, sòbìà yọ. Robert Leiper, tí ó lọ ṣe ìwádìí ní Gold Coast ní 1905, fi Cyclops alárùn bọ́ ọ̀bọ kan, ó sì bá sòbìà nínú ara rẹ̀ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà.

Ọmọ ilẹ̀ wa náà kó ipa tirẹ̀. Ọ̀mọ̀wé Sànyà Ọnàbámirò, ọmọ Àgọ́-Ìwòyè, fi hàn ní 1951 pé Thermocyclops nigerianus ni ó ń gbé àrùn yìí kiri ní abúlé kan ní gúúsù ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà. Ní 1952, ó ṣàpèjúwe irú Cyclops tuntun mẹ́rin láti ilẹ̀ wa. Lónìí, mínísítà àti olóṣèlú ni ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ ọ́n sí. Ó yẹ kí a rántí ohun tí ó rí nínú omi pẹ̀lú.

Kí ni ó wá kan Èkó? Ní 1908, nígbà tí ìjọba fẹ́ kí ará ìlú san owó omi ẹ̀rọ, Dókítà John Randle àti Dókítà Orísàdípẹ̀ Ọbasá dá ẹgbẹ́ People's Union sílẹ̀ láti takò ó. Oníṣègùn ni àwọn méjèèjì; a kò lè sọ pé wọn kò mọ iyì omi mímọ́. Ta ni yóò sanwó, ta ni yóò sì jàǹfààní? Ìyẹn ni ìjà náà. Omi Ìjú dé ní 1915. Kì í ṣe nítorí sòbìà ni wọ́n ṣe fà á wá, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ń mu omi ẹ̀rọ tí a ti sẹ́ bọ́ lọ́wọ́ Cyclops. Ará oko ṣì ń pọn omi àbàtà.

Nígbà tí wọ́n ka àwọn alárùn jákèjádò Nàìjíríà ní 1988 sí 1989, wọ́n lé ní 650,000. Oṣù kọkànlá 2008 ni a rí ẹni ìkẹyìn. Ní 2013, Àjọ Ìlera Àgbáyé jẹ́rìí pé a ti bọ́. Láti 1870 sí 2008, ọdún 138 ni. Kì í ṣe abẹ́rẹ́ tuntun ni ó ṣẹ́gun. Aṣọ tí a fi ń sẹ́ omi ni, àti kànga tí a gbẹ́, oògùn tí a dà sínú odò, àti àwọn tí wọ́n lọ sí abúlé láti fi èdè abúlé kìlọ̀ pé kí ẹlẹ́gbò má ṣe wọ odò.

Ìmọ̀ kò ṣọ̀wọ́n láàárín ọdún wọ̀nyẹn. Ìwé àwọn ọ̀mọ̀wé ni ó há sí. Ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ fi sílẹ̀ fún àwa tí a ń kọ̀wé nìyẹn. Lónìí, mo ní láti ṣàlàyé fún akẹ́kọ̀ọ́ mi ohun tí sòbìà jẹ́ kí wọ́n tó lóye òwe náà. Inú mi dùn sí àlàyé yẹn.