Kocher Ará Bern àti Iṣẹ́-abẹ Gẹ̀gẹ̀

Gẹ̀gẹ̀ kì í ṣe àjèjì sí wa, orúkọ rẹ̀ sì ti pẹ́ nínú èdè wa. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ Swítsálandì ni a ó mú yín lọ, nítorí pé níbẹ̀ ni a ti fi ìyà kọ́ ohun tí ó yẹ kí ẹni tí a fẹ́ ṣe iṣẹ́-abẹ yìí fún mọ̀.

Láàárín àwọn òkè gíga ilẹ̀ náà, áyódíìnì ṣọ̀wọ́n nínú oúnjẹ (kí wọn tó bẹ̀rẹ̀ sí fi í sínú iyọ̀ ní 1922). Nítorí náà ni táírọ́ìdì, ẹ̀yà ara tí ó rí bí labalábá nísàlẹ̀ gògóńgò, fi ń wú lọ́rùn ọ̀pọ̀ ènìyàn. Ní nǹkan bí ọdún 1850, nínú ẹni mẹ́wàá tí a bá gé e fún, bí mẹ́rin ni ó ń kú. Theodor Kocher, tí ó di ọ̀jọ̀gbọ́n iṣẹ́-abẹ ní Bern ní 1872, kò kánjú rárá: a di ojú ìṣàn ẹ̀jẹ̀ kọ̀ọ̀kan kí ó tó gé e, ìmọ́tótó rẹ̀ kò sì ní ẹlẹ́gbẹ́. Ikú wá dín kù gidigidi.

Ní 1874 ó yọ gbogbo táírọ́ìdì ọmọbìnrin ọlọ́dún 11 kan. Ọgbẹ́ jiná. Ṣùgbọ́n oníṣègùn tí ó rán an wá sọ pé ìṣe ọmọ náà ti yí padà. Nígbà tí Reverdin ará Geneva náà sọ irú rẹ̀ ní 1882, Kocher ránṣẹ́ pe àwọn tí ó ti tọ́jú. Nínú 18 tí ó ti yọ gbogbo rẹ̀ fún, tí ó sì tún yẹ̀ wò, 16 ni ó ti bàjẹ́: ojú wọn wú, òtútù ń mú wọn, ọ̀rọ̀ wọn falẹ̀, iyè wọn sì kú. Àbúrò ọmọbìnrin náà, tí a máa ń ṣì mú fún un tẹ́lẹ̀, ti di ọ̀dọ́mọbìnrin arẹwà. Òun ṣì kéré bí ọmọdé.

Kocher kọ gbogbo rẹ̀ jáde ní 1883, kò fi ọ̀kan pamọ́. Lójú tiwa, èyí ga ju ẹ̀bùn Nobel tí ó gbà ní 1909 lọ.

Ní 1891 ni Murray, ní Newcastle, fi omi tí a fà láti inú táírọ́ìdì àgùntàn gún obìnrin kan tí tirẹ̀ ti kú ní abẹ́rẹ́. Obìnrin náà sì tún gbé ọdún 28 láyé. Lónìí, hóró oògùn kékeré lójoojúmọ́ ni ó dípò rẹ̀. Ẹni tí a bá yọ gbogbo táírọ́ìdì rẹ̀ yóò máa lò ó títí ọjọ́ ayé rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ dá a dúró nítorí pé ara rẹ̀ le. Ẹni tí a yọ apá kan fún lè má nílò rẹ̀, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni yóò sọ. Bí ètè tàbí ìka bá ń ṣe wínníwínní lẹ́yìn iṣẹ́-abẹ, kí ó tètè wí, nítorí àwọn kókó kéékèèké tí ń ṣètò kálísíọ́mù wà lẹ́yìn táírọ́ìdì gan-an. Iṣan tí ń darí ohùn pẹ̀lú kọjá níbẹ̀, ohùn sì lè há. Bí ọrùn bá ń wú, tí èémí sì ń ṣòro, kí a pe oníṣègùn lójú ẹsẹ̀. Ṣáájú ohun gbogbo, kí ó bi oníṣẹ́-abẹ léèrè bóyá gbogbo rẹ̀ ni yóò yọ tàbí apá kan.