Ẹgàn Ni Tàbí Ahoro? Ọ̀rọ̀ Lórí Ìtàn Igbó Ọba Òkòmù

Kì í ṣe gbogbo igbó ni Yorùbá ń pè ní ẹgàn. Ẹgàn ni igbó tí àdá àti ọkọ́ kò tíì kàn. Ibi tí ènìyàn ti gbé rí tí wọ́n sì ṣí kúrò níbẹ̀, ahoro ni. Ọdẹ tó mọṣẹ́ kì í ṣi ọ̀kan mú fún èkejì. Bí ó bá rí pèrègún tàbí ọ̀pẹ láàárín igbó kìjikìji, ó ti mọ̀ pé ènìyàn ti dáná níbẹ̀ rí. Ìyàtọ̀ yìí ni a fẹ́ fi yẹ ìtàn igbó Òkòmù wò, nítorí ó wà lára àwọn igbó ńlá tó sún mọ́ Wárí tí ará ìlú lè wọ̀ láti fẹsẹ̀ rìn kiri kí ó sì wo ẹranko. Ẹni tó bá gbéra ní Wárí yóò gba Sápẹ́lẹ́ dé Bìní, kí ó tó yà sí ìwọ̀-oòrùn lọ sí agbègbè Udo.

Afẹ́ nínú igbó kò pẹ́ láwùjọ wa. Nínú ìwé D. O. Fágúnwà tó jáde ní 1938, iṣẹ́ ọdẹ ló gbé Àkàrà-oògùn wọ Igbó Irúnmalẹ̀. Kò bá ti afẹ́ lọ.

Ọdún 1912 ni ìjọba amúnisìn sọ Òkòmù di igbó ọba. Ó fẹ̀ ju 1,200 kìlómítà níbùú lóòró lọ. Ọba wo ni a ń wí? Ọba Gẹ̀ẹ́sì ni, nítorí kò sí ọba kankan lórí ìtẹ́ Bìní lọ́dún náà: wọ́n ti lé Ovonramwen lọ sí Kàlàbá ní 1897, Eweka Kejì kò sì gorí oyè títí di 1914. Igi gẹdú ni àwọn amúnisìn ń wá. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ilé iṣẹ́ pákó UAC ní Sápẹ́lẹ́ di òkìkí, débi pé igi gẹdú kan wà tí gbogbo ayé ń fi orúkọ ìlú náà pè.

Ọ̀pọ̀ ló gbà pé ẹgàn pọ́ńbélé ni Òkòmù. Ṣùgbọ́n nígbà tí onímọ̀ nípa ewéko nì, E. W. Jones, gbẹ́ ilẹ̀ rẹ̀ wò, tó sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1955 àti 1956, èédú àti àpáàdì ló bá lábẹ́ àwọn igi ńláńlá. Ní 1999, Lee White àti John Oates fi hàn pé èédú àti èkùrọ́ tó wà nínú ilẹ̀ náà ti tó nǹkan bí 700 ọdún. Àgbẹ̀ ti wà níbẹ̀, wọ́n sì kúrò. Kò yẹ kí èyí ya ẹni tó mọ ìtàn Bìní lẹ́nu: ìlú alágbára ni Udo, níbi tí ìtàn àtẹnudẹ́nu ti sọ pé Arhuanran bá Ọba Esigie, àbúrò rẹ̀, jagun ní ọ̀rúndún kẹrìndínlógún.

Èrò méjì ló ti ṣì wá lọ́nà lórí ọ̀rọ̀ yìí. Èkínní ni pé igbó náà kò ní olúwa rí. Èkejì, tó burú jù lójú tiwa, ni pé bí wọ́n bá ti ro ó rí, kò sí ohun tó burú nínú kí a tún un ro. Igbó náà padà nítorí pé a fi í sílẹ̀ fún ọgọ́rùn-ún ọdún mélòó kan. Oko ńlá òde òní kì í fún ilẹ̀ ní irú ìsinmi bẹ́ẹ̀. Ní 1976, 15,580 hẹ́kítà ni ìjọba àpapọ̀ yà sọ́tọ̀ nínú igbó ọba náà fún oko ọ̀pẹ.

Ọ̀bọ kan ló gba ìyókù sílẹ̀. John Oates rí i ní Òkòmù ní 1982: ọ̀bọ ọlọ́fun funfun, tó ṣọ̀wọ́n gidigidi láyé. Ìjọba ìpínlẹ̀ Bendel, èyí tí Wárí wà nínú rẹ̀ títí di 1991, ya apá kan igbó náà sọ́tọ̀ fún ẹranko ní 1986. Ní 1999 ó di ọgbà ìjọba àpapọ̀, tó fẹ̀ tó nǹkan bí 200 kìlómítà níbùú lóòró. Ipasẹ̀ erin, ọ̀bọ yìí àti ilé tí wọ́n kọ́ sórí igi àràbà ni àlejò ń lọ wò níbẹ̀. Abẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ gan-an ni àwọn àpáàdì nì wà.