Àlejò àti Ìlú: Ẹ̀rí láti Ìkìrun, Ìnísà àti Òkukù

Nígbà tí àlejò bá wọ ìlú, ohun tí onílé máa ń kà ni ohun tí ó gbà: ilẹ̀ tí ó fi dáko, ìsọ̀ tí ó ní lọ́jà, owó tí ó fi ránṣẹ́ sílé. Ohun tí ó mú wá kì í tètè hàn, nítorí kì í pẹ́ tí ó fi di ti gbogbo ènìyàn. Kí a lè yẹ ọ̀ràn yìí wò dáradára, ẹ jẹ́ kí a wo ìlú mẹ́ta tí ó wà ní agbègbè odò Ọ̀tìn, nítorí pé àwọn ará ibẹ̀ ti ṣe onílé rí, wọ́n sì ti ṣe àlejò rí.

Ìtàn Òkukù fi yé wa pé láti Arámọkọ ní Èkìtì ni ìdílé ọba ti ṣí wá, pé Kọ̀ọ́kin ni wọ́n kọ́kọ́ tẹ̀dó sí, àti pé lẹ́yìn tí àwọn Ìjẹ̀ṣà fi ogun fọ́ Kọ̀ọ́kin ni àwọn tí ó ṣẹ́kù tẹ Òkukù dó. Nítorí náà Olókukù pàápàá, ọmọ àlejò ni. Lẹ́yìn wọn ni àwọn mìíràn ń dé, agbo ilé kan tẹ̀lé òmíràn, pàápàá nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé fọ́ tí ogun Ìlọrin sì ń lé ènìyàn káàkiri. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ibi tí wọ́n ti wá, kí ó lọ tẹ́tí sí oríkì orílẹ̀. Karin Barber, obìnrin ará Ìlú Ọba tí ó gbé Òkukù ní àwọn ọdún 1970, tí ó sì tẹ ìwé jáde nípa oríkì ibẹ̀ ní 1991, fi hàn pé oríkì orílẹ̀ ni agbo ilé fi ń mọ ara wọn yàtọ̀. Ọmọge tí a bí ní Òkukù, tí baba ńlá rẹ̀ pàápàá kò mọ ibòmíràn, yóò sun ẹkún ìyàwó ní ọjọ́ ìgbéyàwó rẹ̀, yóò sì dárúkọ ìlú tí kò fi ojú kàn rí gẹ́gẹ́ bí orísun rẹ̀. Òrìṣà tí agbo ilé kan gbé wá láti ọ̀nà jíjìn a di ohun tí ará ìlú bá wọn ṣọdún rẹ̀. Lónìí a ń fẹ́ kí àlejò gbàgbé ilé rẹ̀ kí a tó gbà á mọ́ra. Àwọn baba wa kò béèrè irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Ogun sì tún wá yí ọ̀ràn padà. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 1878, àwọn ọmọ-ogun Ìbàdàn, tí Balógun Àjàyí Ògbóríẹ̀fọ̀n ṣáájú wọn, ṣẹ́gun Ìlọrin, Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà ní Ìkìrun. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń sá lọ ni ó bá odò Ọ̀tìn lọ, ìdí nìyí tí a fi ń pe ogun náà ní Jálumi. Àwọn ará Òkukù fi ilé wọn sílẹ̀, wọ́n forí pamọ́ sí Ìkìrun, wọn kò sì padà títí ogun Kírìjì fi tú ká ní 1893. Ọmọ tí a bí sí Ìkìrun ní ìbẹ̀rẹ̀ ìyọnu náà ti tó ẹni tí ń bá baba rẹ̀ kọ ebè kí wọ́n tó padà. Ìlú tí ogun wà ní ẹnubodè rẹ̀ kò lè ṣe aláìní ọwọ́ tí yóò roko àti ojú tí yóò ṣọ́ odi.

Rélùwé dé Òṣogbo ní 1907, ó sì dé Ìlọrin ní 1908. Ìkìrun àti Òkukù wà lójú ọ̀nà rẹ̀. Ọ̀nà Èkó ṣí sílẹ̀ báyìí, ọ̀nà Èkó sì ni ọ̀nà Gold Coast, tí ó di Ghana ní 1957. Ilẹ̀ náà kò ṣàjèjì sí wa tẹ́lẹ̀, nítorí obì gbàǹja tí a ń jẹ, orúkọ Gonja ni ó ń jẹ́, ìyẹn ilẹ̀ tí ọjà Salaga wà. Àwọn ará Ìnísà wà lára àwọn tí ó lọ, pẹ̀lú Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀fà àti Ìlọrin, bí àwọn ará Èjìgbò ti dojú kọ Ivory Coast.

Òwò ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a wo irú òwò tí ó jẹ́. Ilé ìṣòwò àwọn òyìnbó ní Accra tàbí Kumasi kò ní ru aṣọ ọ̀pá méjì lọ bá àgbẹ̀ ní abúlé. Ọmọ Yorùbá ni ó ra ìdì aṣọ, tí ó tú u, tí ó gé e, tí ó ń ná ọjà abúlé kan tẹ̀lé òmíràn, tí ó sì ń tà á láwìn títí di ìgbà ìkórè. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá ròkè, a ránṣẹ́ pe àbúrò rẹ̀ láti ilé. Àbúrò a sìn ín fún ọdún díẹ̀, ẹ̀gbọ́n a sì fún un ní ọjà kí ó dá dúró. Báyìí ni wọ́n ṣe tàn dé Tamale àti àwọn ìlú kéékèèké. Àwọn Onítẹ̀bọmi láàrin wọn dá ìjọ sílẹ̀ ní ibi púpọ̀. Títí di òní, alata samina ni àwọn Akan ń pe ọṣẹ dúdú, Alata sì ni orúkọ tí wọ́n fi ń pe àwọn tí ó ti apá ọ̀dọ̀ wa lọ. Nígbà ìkànìyàn 1960, àwọn Yorùbá tí ó wà ní Ghana lé ní 100,000.

Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé àṣẹ ìgbélùú jáde láàrin ọjọ́ 14. Ẹ̀sùn tí a fi kàn wọ́n ni pé wọ́n gba ọjà mọ́ onílùú lọ́wọ́. N kò ní sọ pé irọ́ pátápátá ni, nítorí ẹni tí ó jẹ́ pé àbúrò rẹ̀ nìkan ni ó ń kọ́ ní òwò, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọmọ onílẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó ka àwìn. Àwọn tí ó lọ fi gbèsè wọn sílẹ̀ lọ́wọ́ àwọn oníbàárà, abúlé sì pàdánù ẹni tí yóò tún fi ojú àánú tà fún un. Ọ̀pọ̀ ìjọ Onítẹ̀bọmi di ahoro. Níhìn-ín, ọkọ̀ ń já àwọn ènìyàn sílẹ̀ pẹ̀lú ẹrù díẹ̀, àti àwọn ọmọ tí a bí sí Ghana, tí wọ́n gbọ́ Twi ju Yorùbá lọ, tí wọ́n sì di àlejò ní ìlú baba wọn.

Ọ̀rọ̀ náà dùn wá gidigidi. Síbẹ̀ ọdún mẹ́rìnlá kò tíì pé nígbà tí ìjọba Nàìjíríà náà, ní ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1983, pàṣẹ irú èyí fún àwọn àlejò tí kò ní ìwé, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn jẹ́ ará Ghana. Ohun kan wà nínú àṣẹ náà tí ó yẹ kí a fiyè sí: kò kan àwọn tí ó jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba. Olùkọ́ ará Ghana tí ìjọba gbà láti kọ́ ọmọ wa ní ilé-ẹ̀kọ́ girama lè dúró. Aránbàtà àti bírìkìlà ni ó gbọdọ̀ lọ. Ẹni tí ó kọ àṣẹ náà mọ ohun tí olùkọ́ ń ṣe fún ìlú, nítorí orúkọ olùkọ́ wà nínú ìwé owó oṣù. Orúkọ aránbàtà kò sí nínú ìwé kankan, gẹ́gẹ́ bí orúkọ ará Ìnísà tí ó ń ta aṣọ láwìn ní abúlé Ghana kò ti sí nínú ìwé Busia.