Ìpẹtà Inú: Ohun Tó Pa Ẹ̀rọ Agégi Àwọn Bàbá Wa

Láti Ifẹ̀-Olúkòtún ní ilẹ̀ Yàgbà ni mo ti ń bá yín sọ̀rọ̀. Ìtàn ẹ̀rọ agégi la fẹ́ sọ lónìí, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní ṣéènsọ̀. Kì í ṣe tuntun tó wà lọ́jà là ń wí. Èyí tó wà lẹ́yìnkùlé bàbá yín ni, tí adìyẹ ń sùn lé lórí. Kí ló pa á?

Ọ̀pọ̀ èèyàn á ní iṣẹ́ àṣekúdórógbó ló pa á. Èmi ò gbà. Nínú àwọn tí mo ti fọwọ́ ara mi tú, ìsinmi ló pa èyí tó pọ̀ jù. Àwọn àgbà ní kòkòrò tí ń jẹ ẹ̀fọ́, ara ẹ̀fọ́ ló wà. Inú ni ìbàjẹ́ ti bẹ̀rẹ̀, ó sì ní í ṣe pẹ̀lú bí wọ́n ṣe dá ẹ̀rọ náà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn díẹ̀. Kí ẹ̀rọ tó dé, kòtò ni àwọn tó ń la pákó máa ń gbẹ́. Wọ́n á gbé ìtì igi lé e lórí. Ọkùnrin kan á dúró lókè, èkejì á wà nísàlẹ̀, kùsà igi á máa dà sí i lójú, wọ́n á jọ máa fa ayùn gígùn. Irin lásán ni ayùn yẹn. Bó bá dógùn-ún, ojú á rí i. Ẹ ó fi yanrìn àti epo nù ún, ó parí.

Ní 1926, Andreas Stihl ní Jámánì ṣe ẹ̀rọ agégi tó ń lo iná mànàmáná. Ní 1929, ó ṣe èyí tó ń lo bẹntiróòlù. Kìlógírámù 46 ni, èèyàn méjì ló ń gbé e. Láti ìgbà náà, ohun tí àwọn aṣẹ̀rọ ń wá ni bó ṣe máa fúyẹ́. Ní 1949, McCulloch ní Amẹ́ríkà mú 3-25 jáde, tí ẹnì kan lè dá gbé. Ní 1959, Stihl mú Contra jáde: agbára ẹṣin 6, kìlógírámù 12 péré. Ẹ fi 12 wé 46! Àtọmọdọ́mọ Contra yìí ni 070 tí àwọn onípákó ilẹ̀ wa mọ̀ dáadáa.

Báwo ló ṣe fúyẹ́ tó bẹ́ẹ̀? Wọ́n fi irin tó wúwo sílẹ̀, wọ́n lo alumíníọ̀mù àti màgníṣíọ̀mù fún ara ẹ́ńjìnnì. Màgníṣíọ̀mù fúyẹ́ ju alumíníọ̀mù lọ, ṣùgbọ́n omi ni ọ̀tá rẹ̀. Kì í pọ́n bí irin tó dógùn-ún. Ìyẹ̀fun funfun bí ẹfun ló máa ń yọ, ọ̀pọ̀ èèyàn sì máa ń rò pé eruku ni. Níbi tí bóòtì irin bá ti kan màgníṣíọ̀mù, tí omi bá dé àárín wọn, ṣe ni àwọn méjèèjì ń ṣe bíi bátìrì. Màgníṣíọ̀mù ló ń jẹ gbèsè. Ẹ ó tú bóòtì náà, ara rẹ̀ á le, ihò tó wà á sì ti di ìyẹ̀fun.

Ìṣòro kejì ni pé ẹ̀rọ yìí kò ní ibi tí ọ́ìlì ń dúró sí bíi ti mọ́tò. Inú bẹntiróòlù la ń po ọ́ìlì mọ́. Bó bá ń ṣiṣẹ́, gbogbo inú rẹ̀ ń dán. Bí a bá gbé e tì, bẹntiróòlù á fẹ́ lọ, ọ́ìlì á ṣàn sísàlẹ̀, kíránkì àti béárìn á wà níhòòhò. Òjò á dé, ọyẹ́ á dé, òru á tutù, ọ̀sán á gbóná, omi bí ìrì á sì máa sẹ̀ sí inú irin.

Epo fúnra rẹ̀ ń dá kún un. Ní oṣù kejì ọdún 2022, ìjọba ní kí wọ́n kó bẹntiróòlù kan kúrò lọ́jà nítorí methanol tó wà nínú rẹ̀ pọ̀ jù. Methanol máa ń fa omi mọ́ra, ó sì máa ń jẹ àwọn irin fúfúyẹ́ wọ̀nyí. Ẹ má jẹ́ kí irú epo bẹ́ẹ̀ sùn sínú ẹ̀rọ.

Báwo la ṣe ń jí i? Bí bàbá kan bá gbé tirẹ̀ wá fún mi, mo máa ń bẹ̀ ẹ́ kó má fa okùn rẹ̀ rárá. Ríìngì tó ti dógùn-ún mọ́ sílíńdà á họ ọ́ títí láé. Mo máa ń tú púlọ́ọ̀gì, màá da dísù àti ọ́ìlì pọ̀ sínú rẹ̀, màá fi sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan. Lẹ́yìn náà ni màá rọra yí i. Òòlù kò gbọdọ̀ kàn án.

Mo tún máa ń ya irin sọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Fínígà tàbí omi òroǹbó wẹ́wẹ́ dára fún irin tó dógùn-ún, ṣùgbọ́n bó bá kan màgníṣíọ̀mù, ṣe lá máa hó, tí yóò sì máa jẹ ẹ́. Búrọ́ọ̀ṣì rọ́bà àti dísù ni ti màgníṣíọ̀mù. Ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ sì kùn ún.

Ti béárìn ńkọ́? Bí ìpẹtà bá ti gbẹ́ ihò sí i lára, ẹ pààrọ̀ rẹ̀. Béárìn bẹ́ẹ̀ á mú kíránkì máa gbọ̀n, rọ́bà tó ń dí afẹ́fẹ́ á jẹ, afẹ́fẹ́ á wọlé, ẹ̀rọ á sì máa sáré fúnra rẹ̀. Ẹ ó tọ́wọ́ kúrò, ṣéènì ò ní dúró. Ẹ̀rọ ìgbà Contra kò sì ní bíréèkì fún ṣéènì. Ẹsẹ̀ èèyàn ló máa san owó béárìn tẹ́ ẹ kò rà.

Ẹlòmíràn lè ní kí ló dé tí a ò jẹ́ kó jẹrà, ṣebí òun ló run ìrókò wa. Òótọ́ ni pé ó gé igi púpọ̀. Ṣùgbọ́n òun náà ló la pákó òrùlé tí ọ̀pọ̀ wa sùn sábẹ́ rẹ̀. Ìpínlẹ̀ wa ló ni irin Itakpe, Ajaokuta sì wà níbẹ̀, síbẹ̀ kìlò-kìlò là ń ta irin àwọn bàbá wa fún àwọn tó ń ra kóńdẹ́ẹ̀mù. Ẹ̀rọ tó bá bá wọn lọ, ìtàn rẹ̀ bá a lọ.

Nítorí náà, kẹ́ ẹ tó gbé tiyín pamọ́, ẹ da epo inú rẹ̀ dànù, ẹ jẹ́ kó ṣiṣẹ́ títí yóò fi kú fúnra rẹ̀. Ẹ kán ọ́ìlì díẹ̀ sí ojú púlọ́ọ̀gì, ẹ rọra fa okùn lẹ́ẹ̀mejì, kẹ́ ẹ sì gbé e síbi tí kò ti tutù. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni.

Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà ilé yín, irú èwo ni wọ́n lò? Ẹ kọ ọ́ ránṣẹ́ sí wa. Ó dìgbà kan ná. Okun o!