Ìwé Ìròyìn Àwọn Míṣọ́nárì Àgbádárìgì

Nígbà tí Samuel Àjàyí Crowther, Henry Townsend àti Charles Gollmer gúnlẹ̀ ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 1845 sí Àgbádárìgì, ìlú etí ọ̀sà níbi tí ikán àti ọ̀rinrin kì í ti í mọ ìwé mímọ́ yàtọ̀ sí pákó, ìwàásù nìkan kọ́ ni iṣẹ́ tí ẹgbẹ́ míṣọ́nárì Church Missionary Society (CMS) gbé lé wọn lọ́wọ́. Wọ́n ní láti kọ ìròyìn iṣẹ́ wọn sílẹ̀, kí wọ́n sì fi ránṣẹ́ sí Lọ́ńdọ̀nù nínú ọkọ̀ òkun. Lóòótọ́, ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ṣùgbọ́n nígbà tí iná jó ilé Crowther ní Èkó ní 1862, àkójọ ọ̀rọ̀ àti òwe Yorùbá tó fi ọdún 11 ṣà jọ di eérú. Àmọ́ ìròyìn iṣẹ́ wọn tó ti sọdá òkun ṣì wà ní Yunifásítì Birmingham dòní. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà: ẹ̀yin tí ìwé ìdílé wà lọ́wọ́ yín, ẹ tètè ṣe ẹ̀dà rẹ̀, kí ẹ sì fi í pamọ́ síbòmíràn.