Ta Ló Ni Ilẹ̀ Mayo?

Kò sí ẹni tó ń ka ìwé ìròyìn tàbí tó ń gbọ́ rédíò nílẹ̀ wa tí kò mọ ọ̀rọ̀ náà "boycott". Bí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bá ní àwọn ò wọ kíláàsì, boycott ni. Bí ẹgbẹ́ òṣèlú bá ní àwọn ò ní í bá wọn dìbò, boycott náà ni. A ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọ́ di Yorùbá tán. Ṣùgbọ́n ẹni mélòó nínú wa ló mọ̀ pé orúkọ ènìyàn ni? Ọ̀gbẹ́ni kan wà láyé rí tó ń jẹ́ Charles Boycott, ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ló sì sọ orúkọ rẹ̀ di ohun tí gbogbo ayé ń pè kiri. Mayo ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀, káúńtì kan ní ìwọ̀-oòrùn Írẹ́lándì. Kí n tó sọ ohun tí ojú ọ̀gbẹ́ni náà rí, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ rin ilẹ̀ náà já, nítorí ẹni tí kò bá mọ bí wọ́n ṣe pín in kò lè mọ ìdí tí inú fi bí àwọn tó ń gbé orí rẹ̀.

Káúńtì 32 ló wà ní erékùṣù Írẹ́lándì. Mayo ni ìkẹta nínú títóbi. Cork àti Galway nìkan ló jù ú lọ. Ìlà-oòrùn rẹ̀ jẹ́ pẹ̀tẹ́lẹ̀ tó dára, tí koríko rẹ̀ ń yọ màlúù nínú. Bí ènìyàn bá ṣe ń lọ sí apá Òkun Atlantic ni ọ̀rọ̀ ń yí padà. Òkè bẹ̀rẹ̀ sí í ga: Mweelrea jẹ́ mítà 814, Croagh Patrick jẹ́ 764, èyí tí àwọn ọmọ ìjọ Àgùdà máa ń gùn lọ gbàdúrà lọ́dọọdún, tí àwọn mìíràn kì í tilẹ̀ wọ bàtà gùn ún. Ní Erris, ní ìhà àríwá ìwọ̀-oòrùn, àbàtà ló gba ilẹ̀ kan. Ilẹ̀ dúdú ni, ó rọ̀, ó mumi yó. Wọ́n máa ń gé e bíi búlọ́ọ̀kù, wọn a sá a kó gbẹ, wọn a fi dáná. Òjò ibẹ̀ ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Nídìí irú àbàtà bẹ́ẹ̀ ni olùkọ́ kan, Patrick Caulfield, ti ṣàkíyèsí nǹkan kan ní àwọn ọdún 1930. Bí wọ́n ti ń gé ilẹ̀ dúdú náà lọ sísàlẹ̀, wọ́n ń kan òkúta tí a tò ní ìlà. Baba náà rò ó pé bí òkúta bá wà lábẹ́ àbàtà, a jẹ́ pé ẹni tó tò ó ti lọ kí àbàtà tó bo ibẹ̀. Ọmọ rẹ̀, Seamas, ló wá kọ́ ẹ̀kọ́ nípa ohun àtijọ́, tó sì ń fi ọ̀pá irin gún ilẹ̀ láti mọ ibi tí ìlà òkúta gbà. Ògiri oko ni! Wọ́n tẹ̀ lé ara wọn lọ bẹẹrẹ nítòsí Ballycastle, níbi tí wọ́n ń pè ní Céide. Àwọn tó walẹ̀ níbẹ̀ ní ó ju 5,000 ọdún lọ. Àwọn onímọ̀ mìíràn ń jiyàn pé kò pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Bó ti wù kó rí, àwọn kan ti ń pààlà ní Mayo kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ ọ́n sí Mayo.

Ẹyọ ilẹ̀ tó kéré jù tó ní orúkọ tirẹ̀, baile ni àwọn ará ibẹ̀ ń pè é ní èdè wọn. (Ẹ má fi pe Baálẹ̀ tiwa o! Ẹnu ló pàdé, wọn kò bá ara wọn tan.) Àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè é ní townland. Ó lé ní 60,000 irú rẹ̀ ní gbogbo erékùṣù náà, ti Mayo nìkan sì lé ní 3,000. Òmíràn kò ju oko ìdílé mélòó kan lọ, òmíràn sì gba odindi ẹ̀gbẹ́ òkè. Níbi tí ilẹ̀ ti lọ́ràá, baile a máa kéré. Níbi tí àbàtà wà, a gbòòrò. Kì í ṣe okùn nìkan ni àwọn àgbà fi ń wọn ilẹ̀. Wọ́n ń wo iye ẹnu tó lè bọ́ àti iye màlúù tó lè jẹ níbẹ̀. Wọ́n tún ń pín ilẹ̀ sí ceathrú, ìyẹn ìdámẹ́rin, èyí tí Gẹ̀ẹ́sì wá kọ sílẹ̀ ní "Carrow". Ìdí nìyẹn tí Carrowmore àti Carrowbeg fi kún Mayo: Ìdámẹ́rin Ńlá, Ìdámẹ́rin Kékeré. Lecarrow ńkọ́? Ààbọ̀ ìdámẹ́rin ni. Ẹni tó bá gbọ́ èdè náà, bó bá ti ń ka orúkọ abúlé lójú títì, ìṣirò ló ń kà.

Lókè baile ni páríìṣì wà, lókè páríìṣì ni bárọ́nì. Mẹ́sàn-án ni bárọ́nì Mayo: Erris, Tirawley, Burrishoole, Murrisk, Carra, Kilmaine, Clanmorris, Gallen àti Costello. Orúkọ ìdílé àti ti àwọn ìjòyè ló kún inú wọn. Ní 1235 ni Richard de Burgh kó ogun wọ agbègbè Connacht, tí Mayo wà nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ rẹ̀ di Burke, wọ́n ń sọ èdè ibẹ̀, wọ́n ń fẹ́ ọmọ ibẹ̀, wọ́n di ọmọ onílẹ̀ pátápátá. Murrisk ní tirẹ̀ wà lọ́wọ́ ìdílé Ó Máille, àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi. Ọmọbìnrin wọn ni Gráinne Ní Mháille, akọni obìnrin tó lọ bá Ọbabìnrin Elizabeth ní ojúkojú ní 1593 nítorí ọ̀rọ̀ àwọn ènìyàn rẹ̀ àti ohun ìní rẹ̀.

Káúńtì gan-an ni ọmọ ìkẹyìn. Nǹkan bí ọdún 1570 ni ajẹ́lẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Henry Sidney, pa ilẹ̀ wọ̀nyí pọ̀ tó sọ wọ́n di Mayo. Ní 1585, ìjọba ọbabìnrin ní kí wọ́n máa san ṣílè mẹ́wàá lọ́dún lórí ìdámẹ́rin kọ̀ọ̀kan. Ẹ wo bó ṣe yí: ìdámẹ́rin tí wọ́n fi ń mọ iye ẹnu tí ilẹ̀ lè bọ́, òun náà ni ọba fi ń gbowó. Lẹ́yìn Cromwell, ní àwọn ọdún 1650, wọ́n lé àwọn onílẹ̀ tó jẹ́ ọmọ ìjọ Àgùdà kúrò ní àwọn ibòmíràn wá sí Connacht. Nígbà tó fi máa di àárín ọgọ́rùn-ún ọdún tó tẹ̀ lé e méjèèjì, ilẹ̀ ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn olówó díẹ̀. Ẹnì kan, Marquess of Sligo, ní éékà tó lé ní 100,000 ní Mayo. Lord Lucan ti Castlebar ní éékà tó lé ní 60,000.

Àwọn tó ń ro ilẹ̀ náà wá ńkọ́? Ìṣákọ́lẹ̀ ni wọ́n ń san. Púpọ̀ wọn ń lo ètò kan tí wọ́n ń pè ní rundale: wọ́n kó ilé jọ sójú kan, wọ́n sì pín oko yẹ́leyẹ̀lẹ, kí olúkúlùkù lè ní díẹ̀ nínú ilẹ̀ tó dára, díẹ̀ nínú èyí tó mọ níwọ̀n, díẹ̀ nínú èyí tí kò dára rárá. Orí òkè jẹ́ ti gbogbo wọn. Iye ẹran tí ilé kọ̀ọ̀kan lè dà síbẹ̀ ni wọ́n ń kà. Àwọn aṣojú onílẹ̀ ní ìwà òmùgọ̀ ni. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀. Ètò ẹni tí kò ní, tí kò sì fẹ́ kí ẹnì kan ṣoṣo ru gbogbo ìyà ni. Ṣùgbọ́n bí ọmọ ti ń pọ̀ sí i ni oko ń kéré sí i, títí tó fi jẹ́ pé ànàmọ́ òyìnbó nìkan ló lè yó ìdílé lórí irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ní 1845, àrùn wọ inú ànàmọ́ náà. Gbogbo rẹ̀ ń jẹrà nínú ilẹ̀. Ebi dé. Ní 1847, ìjọba ṣòfin pé ẹni tó bá ní ilẹ̀ tó ju ìdámẹ́rin éékà lọ kò gbọdọ̀ gba ìrànlọ́wọ́ oúnjẹ. Kó o ju ilẹ̀ rẹ sílẹ̀ kó o tó jẹun, tàbí kó o di ilẹ̀ rẹ mú kébi pa ọ́! Àwọn onílẹ̀ náà ní ìdí tiwọn: àwọn ni òfin ní kí ó máa san owó orí àwọn oko kéékèèké tí iye wọn kò tó £4, nítorí náà bí wọ́n bá wó ilé àgbẹ̀, owó náà kúrò lọ́rùn wọn. Lord Lucan lé ọ̀pọ̀ ìdílé. Ní 1841, 388,887 ènìyàn ló wà ní Mayo. Ní 1851, ó ku 274,499. Àwọn kan kú, àwọn kan wọ ọkọ̀ lọ sí Amẹ́ríkà àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Ìdílé kan tí wọ́n lé ní 1850, ní Straide, ní ọmọkùnrin ọdún mẹ́rin kan tó ń jẹ́ Michael Davitt. Wọ́n gbé e dé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni nígbà tí ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ òwú gba apá ọ̀tún rẹ̀. Òun ló padà wá sí Mayo ní 1879 tó sì bá wọn dá ẹgbẹ́ ilẹ̀ sílẹ̀ ní Castlebar, ní oṣù kẹjọ ọdún náà.

Ìgbà náà ni ọ̀ràn kan Boycott. Aṣojú onílẹ̀ ni, ó ń gba ìṣákọ́lẹ̀ fún Lord Erne lẹ́bàá adágún Lough Mask. Ní 1880, irè oko kò dára, àwọn àgbẹ̀ ní kó dín owó kù pẹ̀lú 25 nínú 100. Onílẹ̀ ní mẹ́wàá ni òun lè dín. Boycott rán ìwé ìléjáde. Àwọn obìnrin kó ẹrẹ̀ àti ìgbẹ́ ẹran, wọ́n fi lé oníṣẹ́ kóòtù tó ń pín ìwé náà sá lọ. Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó bá Boycott ṣiṣẹ́ mọ́. Àwọn lébìrà fi oko sílẹ̀, àwọn oníṣọ́ọ̀bù Ballinrobe kò tajà fún un. Wọn kò lù ú o. Wọ́n kàn ṣe bí ẹni pé kò sí láyé ni. Àádọ́ta ọkùnrin wá láti Cavan àti Monaghan láti bá a kórè, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún kan sọ́jà àti ọlọ́pàá ló ń ṣọ́ wọn. Wọ́n ní owó tí wọ́n ná tó £10,000, irè oko náà kò sì ju £500 lọ! Kí ọdún tó parí, Boycott ti kó ẹrù rẹ̀ lọ. Fadá O'Malley, àlùfáà agbègbè náà, ló dá a lábàá pé kí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe ohun tí wọ́n ṣe fún un.

Lẹ́yìn èyí ni ilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í padà díẹ̀díẹ̀. Ìjọba dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ ní 1891 fún àwọn agbègbè tálákà. Ní 1895, ìgbìmọ̀ náà ra gbogbo Clare Island, wọ́n tú ètò rundale ká, wọ́n sì fún olúkúlùkù ní ilẹ̀ tirẹ̀ lójú kan. Òfin 1903 jẹ́ kí àgbẹ̀ lè fi owó ìjọba ra oko rẹ̀, kó sì máa san án padà fún ọdún 68 àti ààbọ̀. Àwọn ọmọ-ọmọ ló san gbèsè náà tán.

Bárọ́nì mẹ́sẹ̀ẹ̀sán kò níṣẹ́ mọ́ lẹ́yìn òfin 1898. Baile ò kú ní tirẹ̀. Ní 1838 ni John O'Donovan ti rìn káàkiri Mayo fún àwọn oníwọ̀n-ilẹ̀ ìjọba, ó ń bi àwọn àgbààgbà léèrè orúkọ ilẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n lè kọ ọ́ sójú máàpù. Orúkọ náà ni lẹ́tà fi ń dé ilé àwọn ará oko. Títí di 2015, Írẹ́lándì kò ní nọ́ńbà ìfìwéránṣẹ́ fún ilé kọ̀ọ̀kan.

Òfin 1898 kan náà ló yọ ìlú Ballaghaderreen kúrò ní Mayo tó fi í fún Roscommon. Owó orí wọn, Roscommon ló ń gbà á. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Ballaghaderreen, ìdíje Mayo ni wọ́n ń gbá títí dòní, aṣọ aláwọ̀ ewé àti pupa ti Mayo ni àwọn ọmọ wọn sì ń wọ̀ bí wọ́n bá yàn wọ́n.