Sírọ́ọ̀pù Èso Rósì: Ohun Tí Àwọn Ọmọdé Ìlú Ọba Já Nígbà Ogun

Nọ́ọ̀sì yín ló tún dé. Láti ìgbà tí oṣù Kẹwàá ti wọlé ni ẹ ti ń bi mí pé, "Àǹtí Nọ́ọ̀sì, báwo la ṣe ń se sírọ́ọ̀pù atalẹ̀ àti oyin fún ikọ́ àti ọ̀fìnkìn?" Mo máa dáhùn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn kan ṣáájú, torí inú ìtàn náà ni ìdáhùn mi wà.

Ní ìgbà òtútù kan, mo ń fún ìyá àgbà kan ní oògùn ikọ́ ní wọ́ọ̀dù. Òyìnbó ni ìyá, ó sì ti lé ní 90 ọdún. Ó tọ́ ọ wò, ó rẹ́rìn-ín, ó ní èyí ò dùn tó ti ìgbà ogun. Ó ní ọmọ ilé ìwé lòun nígbà náà, pé tíṣà kó gbogbo àwọn jáde pẹ̀lú agbọ̀n kí àwọn lọ já èso rósì lẹ́bàá oko. Ẹ̀gún ya òun lápá, àwọn ọmọkùnrin sì ń da irun inú èso náà sí àwọn lọ́rùn kí ó lè máa yún àwọn. Ẹ̀rín pa mí. Nígbà tí mo délé, mo jókòó ka ìtàn náà.

Rósì inú igbó ni ìyá ń sọ o, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń tà nínú ike. Igi ẹlẹ́gùn-ún ni, bí òdòdó rẹ̀ bá ti rẹ̀ dànù, á so èso kéékèèké tó pupa bí ẹyìn.

Ní 1939 ni Ogun Àgbáyé Kejì bẹ̀rẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi ló ń kó ọsàn wá sí Ìlú Ọba láti ibi tí oòrùn ti ń mú. Àwọn ọkọ̀ abẹ́ omi Jámánì ń fọ́ ọkọ̀ wọ̀nyí, wọ́n ń rì. Àwọn tó bá gúnlẹ̀, ohun ìjà àti oúnjẹ tó ṣe kókó jù ló kún inú wọn. Láti ọjọ́ 8 oṣù Kìíní ọdún 1940 ni ìjọba ti ń wọn ṣúgà àti bọ́tà fún oníkálukú. Ọsàn di ohun àwátì. Ìbéèrè wá dé: níbo ni àwọn ọmọdé yóò ti máa rí fítámì C?

Ẹni tí kò bá rí fítámì C jẹ fún ìgbà pípẹ́, èrìgì rẹ̀ á máa ṣẹ̀jẹ̀, eyín á máa mì, ọgbẹ́ kò ní í jinná. Scurvy ni wọ́n ń pè é, ó sì ti pa àwọn atukọ̀ òkun lọ́pọ̀lọpọ̀ láyé àtijọ́. Ní 1747, dókítà kan tó ń jẹ́ James Lind mú atukọ̀ 12 tí àrùn náà ń ṣe, ó pín wọn ní méjì-méjì, ó sì fún ìpín kọ̀ọ̀kan ní nǹkan ọ̀tọ̀. Àwọn méjì tó fún ní ọsàn àti òroǹbó kíkan ló kọ́kọ́ gbádùn. Ó tó ọdún 1930 sókè kí àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì tó mọ ohun tó wà nínú ọsàn náà gan-an. Albert Szent-Györgyi gba ẹ̀bùn Nobel ní 1937 lórí iṣẹ́ rẹ̀ lórí fítámì C. Nítorí náà, nígbà tí ogun dé, àwọn ará ibí ti mọ ohun tí wọ́n ń wá. Wọ́n yẹ èso ilẹ̀ wọn wò, wọ́n sì rí i pé tí a bá fi èso rósì àti ọsàn sórí ìwọ̀n kan náà, fítámì C inú èso rósì fi ìlọ́po púpọ̀ ju tọsàn lọ.

Ní 1941, ìjọba kéde pé kí aráàlú jáde lọ já a. Àwọn ọmọ ilé ìwé, ẹgbẹ́ Scout àti Girl Guide, àti ẹgbẹ́ àwọn obìnrin abúlé ló jáde. Ní ọdún náà nìkan, ohun tí wọ́n já tó 200 tọ́ọ̀nù. Nígbà tó yá, tọ́rọ́ ni wọ́n ń san lórí ìwọ̀n pọ́n-ùn kan. Ẹ̀yin tí ẹ bá bàbá àgbà yín láyé á rántí tọ́rọ́: owó kan náà ni wọ́n ń ná nílé nígbà ìjọba òyìnbó.

Ilé iṣẹ́ ló ń se èyí tó pọ̀ jù, ṣùgbọ́n ìjọba tún kọ́ àwọn ìyá bí wọ́n ṣe lè se é nílé. Èso tó tó 900 gíráàmù. Kí o lọ̀ ọ́, kí o sì dà á sínú omi tó ti ń hó lójú ẹsẹ̀, torí bí èso tí a ti lọ̀ bá pẹ́ nílẹ̀, fítámì C rẹ̀ á máa lọ. Sẹ́ ẹ pẹ̀lú aṣọ dáadáa, kí irun inú rẹ̀ má baà yún ọmọ lọ́nà ọ̀fun. Tún pàǹtí rẹ̀ sè lẹ́ẹ̀kan sí i, kí o tún sẹ́ ẹ. Ṣúgà bíi 560 gíráàmù. Ìgò kéékèèké ni kí o rọ ọ́ sí, torí bí o bá ti ṣí ìgò, kò ní í ju ọ̀sẹ̀ kan sí méjì lọ tí á fi bàjẹ́.

Ẹ kíyè sí i: nínú gbogbo èyí, oúnjẹ ni wọ́n ń wá fún ọmọ tí kò rí ọsàn jẹ. Òkìkí pé fítámì C ń lé ọ̀fìnkìn dànù, ẹ̀yìn ogun ló gbalẹ̀ kan, pàápàá lẹ́yìn tí Linus Pauling kọ ìwé lórí rẹ̀ ní 1970. Ọ̀jọ̀gbọ́n ńlá ni, ó gba Nobel lẹ́ẹ̀méjì. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò lára ọ̀pọ̀ ènìyàn, kò dènà ọ̀fìnkìn fún èyí tó pọ̀ jù nínú wa. Ẹni tó bá ń lò ó lójoojúmọ́, ó kàn lè dín ọjọ́ àìsàn náà kù díẹ̀ ni.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ tèmi, bó tilẹ̀ tì mí lójú. Àkọ́bí mi wà ní oṣù méje nígbà tí ikọ́ mú un. Mo se atalẹ̀, mo fún òroǹbó kíkan sí i, mo da oyin sí i. Mo ya fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì. Kò yìn mí. Ó ní, "Oṣù mélòó lọmọ yẹn?" Ara mi tutù. Èmi nọ́ọ̀sì! Mo mọ̀ ọ́n o, mo sì ń sọ ọ́ fún àwọn ìyá ọlọ́mọ. Ṣùgbọ́n nínú kíṣíìnì mi, ọmọ màámi ni mí, n kì í ṣe nọ́ọ̀sì.

Ẹ má fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún kan ní oyin. Irúgbìn kòkòrò kan lè wà nínú rẹ̀ tó máa ń fa botulism, àrùn tó ń mú kí iṣan ọmọ dẹ̀, tí kò fi ní í lè mu ọmú tàbí mí dáadáa. Kí ẹ sè é lórí iná ilé ò lè pa irúgbìn náà. Mo mọ̀ pé oyin la fi ń ṣe ìsọmọlórúkọ. Ẹ jẹ́ kí àwọn àgbà tọ́ ọ wò dípò ọmọ. Àdúrà náà á gbà.

Ẹ̀yin tí ọmọ yín ti ju ọdún kan lọ, ó yá: ẹ se atalẹ̀ bí ìka kan nínú omi ife méjì, ẹ sẹ́ ẹ, ẹ jẹ́ kó lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ fún òroǹbó kíkan sí i, kí ẹ wá fi oyin sí i. Inú fíríìjì ni kó wà, kó má ju ọjọ́ mẹ́ta lọ. Á tu ọ̀nà ọ̀fun lára. Ibi tí agbára rẹ̀ mọ nìyẹn. Bí ọmọ bá ń mí gúlegúle, bí kò bá mu nǹkan mọ́, bí ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́ta bá ní ibà, tàbí tí ara ẹni tó ní fọ̀níkú-fọ̀ladìde bá gbóná, ẹ gbé ìkòkò sọ̀ kalẹ̀, ilé ìwòsàn ni.

Àwọn ìyá ìgbà ogun mọ ohun tí tiwọn wà fún, wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n sì mọ ọjọ́ tó gbọ́dọ̀ dànù. Èyí ni mo fẹ́ kí a kọ́ lára wọn. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí o. Ẹ fi fídíò yìí ránṣẹ́ sí ìyá ọlọ́mọ tuntun kan, kí ẹ sì sọ ohun tí ìyá yín máa ń sè fún ikọ́ fún mi nísàlẹ̀. Ẹ wọ aṣọ òtútù yín. Ó dàbọ̀.